Èènì Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Onígáskẹ́ẹ̀tì

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gan-an ni ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí súfèé. Ẹ̀gbọ́n mi sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ọkọ̀ mi nìkan lòun máa wọ̀. Takisí Douala, tí èèyàn mẹ́rin ń há mọ́ra wọn lẹ́yìn, òun ò ní gbé ojú tí wọ́n fi báńdéèjì dì wọ̀ ọ́.

Mẹkáníìkì mi ní Logbaba, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Ó ní afẹ́fẹ́ ń jò níbi tí irin tó ń pín afẹ́fẹ́ ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Gáskẹ́ẹ̀tì tó ń dí àárín wọn ti gbó. Àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kán, bẹ́ńsíkìn, alùpùpù akérò, ló gbé e ṣubú.

“Ẹ̀yin lẹ máa tú u, Bàbá Aláṣọ. Èmi á jókòó, màá máa sọ̀rọ̀.”

“Èmi tí mò ń ta aṣọ ní Marché Congo?”

“Ṣebí ọwọ́ tiyín méjèèjì pé?”

Ó ka ohun tí mo máa mú wá: sọ́kẹ́ẹ̀tì nọ́ńbà mẹ́wàá àti méjìlá, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tó lè wọ kọ̀rọ̀; ike pẹlẹbẹ tí a ó fi ha ìdọ̀tí, torí irin á dá àpá sí ojú ibẹ̀; síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí a ó fi dí ihò ẹ́ńjìnnì, kí nǹkan má já sínú; àti páálí. Kí n ya àwòrán irin náà sórí páálí, kí n máa ki bọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan bọ ibi tó ti jáde, torí gígùn wọn ò dọ́gba. Èyí yé mi. Àwọn télọ̀ ọjà wa náà kì í fọ́n abẹ́rẹ́ káàkiri.

Lọ́jọ́ Àìkú mo lọ ra gáskẹ́ẹ̀tì. A ná an tán, ẹnu mi ò gbà kí n lọ láìbéèrè èènì. Ta ní ń bèèrè èènì lọ́wọ́ onípáàtì? Èmi náà ni. Ọkùnrin náà wò mí lọ wò mí bọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ju gọ́ọ̀mù ẹ́ńjìnnì kékeré kan sí mi: “Tonton, cadeau.” Ẹ̀bùn ló ń pè bẹ́ẹ̀.

Nílé, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n jókòó. Mo to irinṣẹ́ sórí ẹní, mo kó o, mo tún un tò. Mo ka Bísímílà sórí spánà ju bí mo ti ń kà á sórí oúnjẹ lọ. Nígbà tí kò sí ohun tí mo tún lè tò mọ́, ojú mi bọ́ sórí gọ́ọ̀mù. Mo ní kí èènì má ṣòfò. Mo fi kun gáskẹ́ẹ̀tì tuntun náà tinú-tẹ̀yìn, kí iṣẹ́ ọ̀la lè yá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mẹkáníìkì fi ọwọ́ òsì gbé e sókè.

“Kí lẹ fi pa á? Bọ́tà?”

“Gọ́ọ̀mù ni. Èènì ni wọ́n fi ṣe fún mi.”

“Rọ́bà ni eléyìí! Gbígbẹ la ń fi í sí i. Gọ́ọ̀mù á mú un yọ̀ kúrò láyè ẹ̀, á tún máa jò ni.”

Mo fẹ́ bó o, ó ti gbẹ mọ́ ọn lára.

“Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀hún?”

“Ọ̀la, láàárọ̀ kùtù.”

“Ẹ dìde ńlẹ̀ nígbà yẹn!”

Irú bẹ́ńsíkìn tó kán ọ̀gá lọ́wọ́ náà ni mo gùn lọ sọ́jà. Mo di ọlọ́kadà mú débi pé ó ní kí n jẹ́ kóun mí. Mo ra òmíràn, mi ò bèèrè nǹkan kan.

Nígbà tí mo padà dé, ẹ́ńjìnnì ti tutù. A yọ orí bátìrì, mo fi fóònù ya àwòrán gbogbo wáyà kí n tó fọwọ́ kan ọ̀kan. Ọ̀gá ń sọ, mò ń tú, bọ́ọ̀tì sì pé lórí páálí. Mo fi ike ha ojú ibẹ̀, mo sì fi gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sí i ní gbígbẹ. Nígbà tí à ń dè é padà, láti àárín lọ sí etí la ti ṣe é, díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun Aláàsárì, ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, kò súfèé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo lọ gbé ẹ̀gbọ́n mi ní Madagascar, àdúgbò tó ń gbé ní Douala. Mo ń wakọ̀ bí ẹni tó kó ẹyin, mo gbé etí kan sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì. Ó fi ojú tó ṣì ń ríran wò mí.

“Èmi ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ni, àbí ìwọ? Wo òógùn!”

“Ooru ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ooru, láago mẹ́fà àárọ̀? Wakọ̀, jàre.”

Títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, kò sóhun tó ń dún nínú ọkọ̀ náà bí èémí mi.