Òkúta Tó Dún Kó

Lánàá, bíríkìlà kan ń fi òòlù kan ògiri ilé mi wò, kó, kó, kó, ni mo bá tún rí bàbá mi lójú ọkàn mi, nígbà èwe mi, lọ́sàn-án ọjọ́ tó dé láti òkè Kpalimé.

Iṣẹ́ tipátipá ni àwọn Faransé kó òun àti bàbá Ràbí, aládùúgbò wa ní Bè, lọ ṣe: kí wọ́n máa yọ òkúta tó fẹ́ já lára òkè, kó má baà ya lu ọ̀nà mọ́tò. Bàbá mi nìkan ló dé. Eruku funfun bo irun rẹ̀. Kò wẹ̀, kò fọwọ́ kan gàrí tí ìyá mi gbé síwájú rẹ̀. Ó fara ti ògiri amọ̀ wa, ó ń fi ìka kàn án.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń gbọ́?"

"Òkúta tó bá dún kó, ó fìdí múlẹ̀. Èyí tó bá dún bí igbá òfìfo, ó fẹ́ já nìyẹn."

Èmi náà kan ògiri. "Kó ló dún, Bàbá!"

Kò rẹ́rìn-ín. Ràbí yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Bàbá tèmi ńkọ́?"

Bàbá mi gbé etí lé ògiri, ó tún kàn án.

Mo ti bímọ kí n tó gbọ́ pé bàbá mi ló kan òkúta tó pa bàbá Ràbí, tó sì sọ pé "kó" ló dún. Lọ́jọ́ tó dé yẹn, mo rò pé eré ni. Mo bá a kan ògiri títí ọwọ́ fi ń ro mí.