Tíṣà Ta-ló-rán-ọ àti Ìbéèrè Tó Jókòó Lórí Àga

Gbogbo ẹni tó mọ Tíṣà Ta-ló-rán-ọ ló mọ ìtàn ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá. Wọ́n pín ìbéèrè àròkọ. Àwọn kíláàsì yòókù dorí kodò, bírò ń sáré. Àwọn ọmọ kíláàsì tirẹ̀ káwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wo ìwé ìbéèrè bí ẹni ń wo àlejò tó wọlé láì kan ilẹ̀kùn.

"Kí ló dé?" ni olùṣọ́ ìdánwò bi wọ́n. "Ṣé ẹ ò kàwé ni?"

"A kàwé, sà," ọmọbìnrin kan fèsì níwájú. "A ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ni."

"Ta lẹ ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò?"

"Ìbéèrè yìí, sà. Ojú ẹ̀ ò mọ́."

Olùṣọ́ náà gbà pé wọ́n dìtẹ̀ ni. Ó ránṣẹ́ pe ọ̀gá àgbà ilé-ìwé.

Ó pẹ́ tí ọ̀gá àgbà obìnrin yìí ti ń retí irú ìpè bẹ́ẹ̀. Ní ilé-ìwé rẹ̀, àkọ́sórí ni àròkọ. Tíṣà á kọ ọ́ sójú pátákó, ọmọ á gbé e mì bí oògùn, á sì lọ bì í sínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó ń pe èyí ní ìmúrasílẹ̀. Ta-ló-rán-ọ nìkan ló kọ̀. Ọ̀gá àgbà kìlọ̀ fún un lójú gbogbo tíṣà pé, "Tí kíláàsì yín bá fìdí rẹmi, ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́."

Ta-ló-rán-ọ gbé ojú sókè. "Fìdí rẹmi lójú ta, mà?"

Bí ó ṣe ń kọ́ wọn nìyí. Á kọ ìbéèrè sórí páálí, á gbé e jókòó sórí àga níwájú kíláàsì bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. "Ẹ má gbà á gbọ́ torí pé wọ́n kọ ọ́ dáadáa," ni yóò wí. Gbogbo kíláàsì á wá dojú kọ ọ́: Ta ló rán ọ? Ta lo fẹ́ ká bá sọ̀rọ̀? Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa? Kí lo fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ? Wọ́n á kọ èsì ní ṣókí, wọ́n á to èyí tó máa ṣíwájú àti èyí tó máa kẹ́yìn, wọ́n á sì ju èyí tí kò wúlò nù. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ àròkọ ṣáájú ìyẹn, bírò rẹ̀ lọ nìyẹn. Ní ọjọ́ kan, atẹ́gùn gbé páálí náà bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Ta-ló-rán-ọ pariwo, "Ẹ ti ilẹ̀kùn! Ó fẹ́ sá lọ!"

Kò yàtọ̀ nílé. Àwọn ọmọ kíláàsì tó máa ń wá gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Sátidé fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó wá jẹun. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé oúnjẹ nìkan ni, àbí nǹkan wà lábẹ́ ẹ̀?"

"Bàbá àwọn ọmọ mi, nǹkan wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹran ni."

Ó fi ṣíbí wa oúnjẹ náà wò kó tó jókòó.

Ọ̀gá àgbà dé gbọ̀ngàn, ó ń mí gúlegúle. Ìgbà yẹn gan-an ni kíláàsì náà parí ìwádìí wọn, gbogbo wọn mú bírò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè náà ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí àbúrò bàbá wọn, kí wọ́n ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi ní lè wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwáwí ló ń fẹ́. Àwọn yòókù rí "ìsinmi," wọ́n sì tú àkọ́sórí nípa bí wọ́n ṣe lo ìsinmi jáde. Nígbà tí èsì dé, àṣírí tú: nínú àròkọ wọn, gbogbo ilé-ìwé ti dé ilé àbúrò bàbá yẹn, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti rí kìnnìún nínú ọgbà ẹranko, wọ́n ti padà sílé. Kíláàsì Ta-ló-rán-ọ nìkan ni kò lọ.

Iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá àgbà kò tọrọ àforíjì. Nígbà tí sáà tuntun wọlé, ó ní kí wọ́n gbé àga kan síwájú gbogbo kíláàsì, ó ní òun lòun ronú kàn án. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló rán an.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àìsàn ló pa Ta-ló-rán-ọ. Kó tó kú, dókítà bi í pé, "Bàbá, ara ti yá díẹ̀, àbí?" Ó ní, "Dókítà, ẹ ti fi èsì sẹ́nu mi, ẹ tún ń bi mí léèrè."

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ kíláàsì yẹn, tí wọ́n ti dàgbà, péjọ sí pálọ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pín bébà fún wọn, ó ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rántí. Ọ̀gá àgbà, tí òun náà wá, tètè kọ tirẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ tó bá òkú èyíkéyìí mu. Àwọn tó kù káwọ́ lẹ́rán.

"Mà," ọmọbìnrin ọjọ́ ìdánwò náà bi ìyàwó Tíṣà, "ta ló máa kà á?"

"Èmi nìkan ni. Tí ẹ bá ti lọ tán."

"Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa?"

Obìnrin náà wo àga ọkọ rẹ̀. "Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀."

Wọ́n ronú, wọ́n tò ó, wọ́n wá kọ ọ́. Bí àlejò ti lọ tán, ó mú bébà ọmọbìnrin náà. Ìlà àkọ́kọ́ sọ pé: "Ṣé oúnjẹ nìkan ni, àbí nǹkan wà lábẹ́ ẹ̀?"

"Ẹran ni, bàbá àwọn ọmọ mi," ó dáhùn, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì ṣí bébà kejì.