Ohun Tí Wọ́n Bá Nínú Àgbò Onílé Wa

Ní ọjọ́ Ajé kan, ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, onílé wa ní Dansoman, ní ilẹ̀ àwọn Gã, kan ilẹ̀kùn wa pé àgbò òun kò jẹun mọ́. Kò tilẹ̀ kí màámi kó tó kọjú sí mi: "Ìwọ ọmọ yunifásítì, kí lẹ kó sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn?"

Èmi ni mo dá àbá bọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, mo rọ àwọn ayálégbé pé kí a yéé da èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ pàǹtí, kí a máa kó wọn jọ fún àgbò. Rọ́bà, ìyẹn àpò ọ̀rá, kò gbọdọ̀ bá wọn wọ inú rẹ̀. Pàǹtí wa dín kù débi pé ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ kó o fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu òun.

Opó ni onílé. Iléyá tó ń bọ̀ ni yóò kọ́kọ́ pa àgbò tirẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ẹ̀sìn kò sì gba àgbò tó ń ṣàìsàn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ilé ti fura sí onídìrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, obìnrin Gã tí kò gbọ́ Yorùbá. Màámi ní òun rí i tó ń da nǹkan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo bi í bóyá rọ́bà ni. Ó ní kí ni ìbá tún jẹ́. Èmi náà fura. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà, mo ń ṣọ́ ọ, mo ṣe bí ẹni ń tẹ fóònù. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló dà. Ó rí mi. Ó fi Twi sọ pé, "Wá fọwọ́ tú u, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀." N kò tú u.

Àfáà wá láti Cow Lane, ó fọwọ́ tẹ ikùn àgbò tó wú. Ó ní kí wọ́n pa á kó tó kú, kí ẹran má baà ṣòfò. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ ti Iléyá mọ́. Onílé fi ìborùn bo orí, ó sì dúró títí wọ́n fi dúńbú rẹ̀.

Nínú àpòlúkù rẹ̀ ni wọ́n ti bá rọ́bà dúdú àti rọ́bà omi tó lọ́ mọ́ra. Alápatà ní ó ti pẹ́ níbẹ̀, pé láti ọjà tí wọ́n ti rà á ni. N kò mọ bó ṣe mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kàn án: ó le bí òkúta. Mo wá rọ́bà tí irun àfikún máa ń wà nínú rẹ̀, irú èyí tí onídìrí ń tú dànù lójoojúmọ́. N kò rí ẹyọ kan. Mo sọ fún onílé pé kò sí ti onídìrí níbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀kọ́ rẹ pọ̀. Ṣé ìwọ lo rà á ni?"

Nírọ̀lẹ́, ó ń gbé àwo ẹran kiri yàrá. Ó gbé tiwa fún màámi, ó gbé ti ayálégbé tó ń ta táyà ní Lapaz fún un. Ilẹ̀kùn onídìrí ṣí sílẹ̀, iná wà ní títàn, ó ń dirun fún ẹnì kan. Mo dúró, mo ń wò. Onílé kọjá níbẹ̀ lálọ, ó kọjá níbẹ̀ lábọ̀. Kò yà.