Abọ́ Tí Wọ́n Gbé Lọ Sẹ́yìn Ilé Ìdáná

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ń gbé omi mímu lọ sóko, ilé wa ya abọ́ oúnjẹ sọ́tọ̀ fún ọkùnrin tó ń kọ ebè iṣu tí gbogbo wa ń jẹ, nítorí pé ìka ọwọ́ rẹ̀ méjì kò nà mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Bàbá Àgbà ni gbogbo agboolé ń pè é. Abúlé wa wà lọ́nà Agoua, ní ilẹ̀ Bantè, lásìkò ìjọba ṣọ́jà, nígbà tí a ń pe ara wa ní kàmáráàdì káàkiri. Ẹ lè ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́, kí n fi sílẹ̀. N kò lè fi sílẹ̀. Ó ṣì ń bí mi nínú.

Kókó kékeré kan ló kọ́kọ́ yọ ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀, nísàlẹ̀ ìka tó tẹ̀lé ọmọńdinrín. Kò dùn ún. A ní èèkù ọkọ́ ló mú awọ ibẹ̀ yi. Ọdún ń gorí ọdún, kókó náà di okùn líle lábẹ́ awọ, ó ń fa ìka méjì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi ká sínú àtẹ́lẹwọ́. Òmíràn tún yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Tí Bàbá Àgbà bá ń rìn lórí òkúta, bí ẹni tí ẹ̀gún gún ló ń rìn.

Gbogbo ayé wá di oníṣègùn. Òrí ni kí a fi ra á. Rárá, omi gbígbóná ni. Aládùúgbò kan mú pákó wá, ó di ìka náà mọ́ ọn pinpin kí wọ́n lè nà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọwọ́ ti wú. Lọ́jọ́ kan tí a lọ sí Bantè, ará Nàìjíríà kan tó ń ta èsáǹsì, epo ọkọ̀, lẹ́bàá ọ̀nà wo ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, ẹ̀tẹ̀ lèyí." Ọ̀rọ̀ náà ti dé abúlé kí àwa fúnra wa tó délé.

Nílé wa, abọ́ iyán kan ṣoṣo ni àwọn ọkùnrin máa ń yí ká. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n bu ti Bàbá Àgbà lọ́tọ̀, wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹnikẹ́ni kò bá a jà, ẹnikẹ́ni kò bú u. Wọ́n kàn gbé e lọ. Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, dúró láàárín agboolé, ó ní: "Ọwọ́ tó ń bọ́ yín lẹ ń sá fún yẹn. Ẹ kúkú bi iṣu tẹ́ ẹ jẹ lánàá jáde!"

Abọ́ nìkan kọ́ ló dun Bàbá Àgbà. Ọdún iṣu tuntun ti ń sún mọ́lé. Nílé wa, àgbà ilé ló máa ń fi ọwọ́ lásán yọ iṣu àkọ́kọ́ nínú iná, á ha eérú rẹ̀ kúrò, á bù ú, á fi í lé oníkálukú lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan iṣu tuntun ṣáájú ìyẹn. Délégé, aṣojú ìjọba ní abúlé wa, wá bá a nílé. "Kàmáráàdì Bàbá," ó ní, "ẹlòmíràn ni yóò yọ iṣu lọ́dún yìí, àfi tí dókítà bá ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀."

Bàbá mi àti èmi bá a lọ sí ilé ìwòsàn ní Savalou. Dókítà ń sọ Faransé, nọ́ọ̀sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Mahi, Bàbá Àgbà tó gbọ́ Mahi bí ẹni mu omi ń dáhùn. Dókítà fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ lọ́wọ́ wẹ́rẹ́. Ó fò sókè.

"Ara adẹ́tẹ̀ kì í tètè mọ ìrora báyìí," ni dókítà wí. Ó ní lábẹ́ awọ àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, gbogbo wa ló ní ohun kan tó fẹ̀ bí ewé, tó sì yi bí okùn. Ti Bàbá Àgbà ló ń nípọn, tó ń súnkì, tó sì ń fa ìka. Kò wọ́pọ̀ rárá. Kì í ràn, kì í pani, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé. Wọ́n lè là á ní Kútọnu, ṣùgbọ́n ó lè padà wá. Bàbá mi béèrè nípa pákó. Dókítà di ojú pọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dè é mọ́."

Ayọ̀ la fi wọlé. Kò tọ́jọ́.

"Kí ni wọ́n ń pe àrùn náà?" ni délégé béèrè.

Bàbá mi pe orúkọ Faransé náà bó ṣe lè pè é.

"Lédè wa ńkọ́?"

"Kò lórúkọ lédè wa."

"Ẹ ò rí i? Ẹ̀tẹ̀ lórúkọ tiẹ̀."

Ẹ gbà mí! Ọ̀nà Savalou tí eruku rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, lásán la rìn ín. Àwọn èèyàn padà sórí ohun tí wọ́n ti mọ̀, abọ́ sì wà lẹ́yìn ilé ìdáná.

Ọjọ́ ọdún pé. Wọ́n ní bàbá mi ló kàn láti yọ iṣu. Ó dúró ti iná, kò nawọ́. Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹ̀tẹ̀ tó báyìí, ṣé iná máa ń ta adẹ́tẹ̀ lọ́wọ́?"

Ọmọdé ilẹ̀ wa pàápàá mọ̀ pé adẹ́tẹ̀ lè di ẹyin iná mú láìmọ̀. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó rò ó. Bàbá Àgbà kò dúró de ìdáhùn. Ó ki ọwọ́ tó ká náà bọ inú iná, ó fi ìka rẹ̀ kọ́ iṣu náà jáde.

"Yéè! Ó jó mi o!"

Ó ju iṣu sílẹ̀, ó ki ìka bọ ẹnu, ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún káàkiri agboolé. Délégé ni ẹ̀rín kọ́kọ́ pa.

"Ẹ ń wá orúkọ," ni Ìyá Àgbà wí. "Orúkọ rẹ̀ nìyẹn: Ójómi!"

Bàbá Àgbà mú iṣu náà padà, ó ha á, ó bù ú. Délégé na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó gbà, ó jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, abọ́ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó: abẹ́rẹ́ dókítà ti sọ ohun kan náà ṣáájú. Kí ló dé tí ọkùnrin náà fi gbọ́dọ̀ jóná ká tó gbà á gbọ́?

Ójómi ti yọ lọ́wọ́ tèmi náà báyìí. Ọmọ-ọmọ mi ya àwòrán rẹ̀ sínú fóònù, ó fi ránṣẹ́ káàkiri, àwọn èèyàn tó wà níbi tí n kò dé rí ti ń ní kí n fi òrí ra á. Òrí náà tún ni! Dókítà ní kí n máa tẹ́ ọwọ́ lórí tábìlì. Ọjọ́ tí kò bá tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́, kí n padà wá, wọn yóò fi mí ránṣẹ́ sí Kútọnu.

Nítorí náà, láràárọ̀ ni mo ń ti àwo mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè tẹ́ ọwọ́ náà. Àwo mi ni mo wí. Nílé wa lónìí, oníkálukú ló ń jẹun nínú tirẹ̀, níwájú tẹlifíṣọ̀n. Bí wọ́n bá ti yà mí sọ́tọ̀, ta ni yóò sọ fún mi?