Bí Àwọn Ìyá Mi Méjèèjì Ṣe Tún Ọkọ̀ Bàbá Wa Ṣe

Láàárọ̀ yìí, mo gbọ́ tí ọmọ aládùúgbò mi yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, tí ọkọ̀ náà kàn dún "kọ́" lẹ́ẹ̀kan, tó sì dákẹ́. Ọmọkùnrin náà fa fóònù yọ, ó ń pe ẹni tí yóò wá fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ò tiẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Ọkàn mi ti sá lọ sí agboolé wa ní Ẹ̀pẹ́, sí ọdún tí bàbá mi kú.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹja yíyan ni bàbá mi ń kó láti Ọjà Olúwo lọ sí Ìkòròdú, píkọ́ọ̀pù búlúù kan tó ti gbó ló sì fi ń kó o. Òórùn ẹja ti wọ ara ọkọ̀ náà débi pé gbogbo ológbò àdúgbò ló ń sùn sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń retí ogún. Ìyàwó méjì ni bàbá mi ní. Ìyá Ńlá ni ìyálé, ìyá tó bí mi ni ìyàwó. Wọn kì í jà. Wọ́n á kí ara wọn láàárọ̀, wọ́n á kí ara wọn lálẹ́, kò sì sí ohun tó pọ̀ láàárín ìkíni méjèèjì.

Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ṣe opó, inú òjò ni ọkọ̀ náà wà, lábẹ́ igi àgbọn. Nígbà tí wọ́n jáde opó, Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, gbé bátìrì rẹ̀ lọ gba iná, ó gbé e padà síbẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. "Kọ́." Ó yí i títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ó ní kíkì, ẹ̀rọ tó ń jí ẹ́ńjìnnì, ti kú, pé òun mọ ẹnì kan ní Ìkòròdú tí yóò wá tú ọkọ̀ náà tà ní wẹ́wẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Èèyàn burúkú kọ́ o. Bí àwa ọmọ yóò ṣe máa lọ sílé ìwé nìṣó ló ń dà á láàmú. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá lọ, òwò lọ nìyẹn.

Láàárọ̀ Jímọ̀ náà, Ìyá Ńlá jáde tòun ti omi gbígbóná nínú kẹ́tùlù. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń da omi náà sórí bátìrì díẹ̀díẹ̀, níbi tí ìdọ̀tí funfun ti hù. Ìyá mi fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò ó.

"Ta ló kọ́ yín nírú èyí, mà?"

"Kí o tó dé ilé yìí, nígbà tí ọkọ wa kò rí owó fún rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, èmi ni mo máa ń bá a di wáyà mú. Bọ́ sí ibi kọ́kọ́rọ́."

Ìyá mi wọ inú ọkọ̀. Ó mi ọ̀pá jíà wò kí ọkọ̀ má bàa wà nínú jíà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lọ tààrà síbi kílọ́ọ̀ṣì láìwò ó. Ìyá Ńlá rí i.

"O mọ ọkọ̀ wà."

Ìyá mi dorí kodò. "Ojú ọ̀nà Ìmọ̀ta ló ti kọ́ mi, bí a bá ti já ẹrù tán. Ẹ má bínú. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ìyá Ńlá gbé kẹ́tùlù sílẹ̀. Èmi tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà rò pé ìjà dé. Àṣé ẹ̀rín ló ń bọ̀.

"Ó ní kí èmi náà má sọ ti wáyà. Ó ní ojú á ti òun."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá Ńlá ní kó tan iná iwájú. Iná tàn yòò. Ó ní kó fọn fèrè. Fèrè ké débi pé àwọn adìẹ tú ká. Ó wá ní kó yí kọ́kọ́rọ́, kó má pa iná. "Kọ́." Iná iwájú kò ṣẹ́jú rárá.

"Bí kíkì bá ń gba iná ni, iná iwájú ì bá ti ṣe bàìbàì," ni Ìyá Ńlá wí. "Kíkì ò kú. Iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Ó lọ mú wáyà nínípọn tí bàbá mi gbé kọ́ sára ògiri. Ó fi etí kan mú orí bátìrì níbi wáyà dúdú, ó fi etí kejì kan irin ẹ́ńjìnnì.

"Yí i."

Ẹ́ńjìnnì náà húkọ́, ó pọ èéfín, ó sì dìde. Kò sí ológbò kan tó dúró.

Wọ́n pa á, wọ́n wá ìdí rẹ̀. Wáyà pẹlẹbẹ tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ ti dípẹtà níbi nọ́ọ̀tì rẹ̀, iná kò rí ọ̀nà gbà padà sínú bátìrì. Ọ̀bẹ ìpa-ẹja ni ìyá mi fi họ ọ́ títí irin fi dán. Ìyá Ńlá dì í le.

Nígbà tí Bàbá Kékeré dé láti mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú ọkùnrin ará Ìkòròdú yẹn, ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìyá mi wà nídìí ọkọ̀, Ìyá Ńlá jókòó tì í.

"Ta ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà?" ni Bàbá Kékeré bi ìyá mi. Ìyá Ńlá ló dáhùn.

"Ọkọ tó fẹ́ àwa méjèèjì ni."

Bàbá Kékeré wo ọkọ̀, ó wò wọ́n, ó sì bẹ àlejò rẹ̀ pé kó má bínú. A fi ẹja yíyan sin ọkùnrin náà dé ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyá mi kó ẹrù lọ sí Ìkòròdú.

Ọ̀nà wa ti yàtọ̀ lónìí. Bọ́ọ̀sì ń sáré lórí ọ̀dà, ọkọ̀ tuntun sì ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é. Ó dára bẹ́ẹ̀, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ọkọ̀ búlúù yẹn náà ti di irin àtijọ́ lẹ́yìn tó rán gbogbo wa nílé ìwé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti kún àárín àwọn ìyá mi, láti àárọ̀ dé alẹ́, títí orí wọn fi funfun. Nígbà tí Ìyá Ńlá filẹ̀ ṣaṣọ bora, àwọn ará Ọjà Olúwo wá kí ìyá mi. Wọ́n rò pé ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì, wọ́n ní, "Ẹ kú ìrọ́jú ẹ̀gbọ́n yín." Kò tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ̀gbọ́n gidi ni."