Ìgbọ̀nwọ́ Irin Tó Gbé Bàbá Sha Mì

Gbogbo ìlú Mengcun ló gbọ́ pé ìgbọ̀nwọ́ páìpù kan, irin oníhò tó tẹ̀ bí apá, gbé Bàbá Sha mì. Àwọn kan tiẹ̀ búra pé bàtà rẹ̀ nìkan ló pọ̀ padà.

Bàbá Sha, olóògbé wa, ló ń yẹ irin wò nílé iṣẹ́ Ọ̀gá Ding. Ohùn rẹ̀ lè jí òkú tó ti sùn fún ogún ọdún. Lọ́jọ́ náà, ìgbọ̀nwọ́ irin ràbàtà méjì ti wà lórí lọ́rì tó fẹ́ gbé wọn lọ sílé iṣẹ́ iná mànàmáná. Àmọ́ wọ́n ti kùn wọ́n lọ́dà kí Bàbá tó dé, àmì tó ń sọ irú irin tí wọ́n jẹ́ sì ti wọ abẹ́ ọ̀dà.

Bàbá béèrè pé, "Ṣé oníkírómù púpọ̀ tó ń fara da ooru ni méjèèjì?"

Ọ̀gá Ding ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bí wọ́n ṣe nípọn!"

"Nínípọn kẹ̀? Òfin kọ́kọ́ ń béèrè bí ooru ṣe tó! Irin tí kírómù ẹ̀ ò tó, tí ooru yẹn bá bá a fínra, á rọ bíi búrẹ́dì mantou. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ á bọ̀ bí ẹran àgùntàn! Ẹ jẹ́ n ha á, kí n wo ẹ̀ta iná ẹ̀: ti oníkírómù púpọ̀ kì í ta jìnnà."

"Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ha ọ̀dà mi! Dẹ́rẹ́bà, ṣíná!"

Lọ́rì bú ramúramù. Bàbá gbé ẹ̀rọ ìharin, ó gun ọkọ̀, ó sì wọ inú ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, níbi tí ọ̀dà ò dé. Ẹ̀rọ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan là ń rí.

"Ẹ jáde!"

"Mi ò jáde!"

"Mo lé yín níṣẹ́!"

"Ẹ lé mi! Ẹni tẹ́ ẹ lé ṣì wà nínú ẹrù yín!"

Dẹ́rẹ́bà paná ọkọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n fà á lẹ́sẹ̀, wọ́n da òróró sí i lára. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, Ọ̀gá Ding fúnra rẹ̀ ha ọ̀dà. Ti ìgbọ̀nwọ́ Bàbá, ẹ̀ta iná kúkúrú: ó péye. Ti èkejì ta lọ jìnnà bí iná tí wọ́n ń yìn lọ́jọ́ ọdún. Ojú Ọ̀gá Ding funfun. Èyí tí Bàbá wà nínú ẹ̀ kò ṣẹ̀ rárá. Èyí tí kò sẹ́ni nínú ẹ̀ ni ìkà.

Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dá Bàbá dùbúlẹ̀, Ọ̀gá Ding dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ń ròyìn fún àwọn àlejò: "Akọni lẹ̀gbọ́n mi! Ó kọ̀, kò jáde!"

Bàbá la ojú kan. "Irọ́ ni. Ìdí mi ló há."

Ẹ̀rín gba yàrá náà kan. Bàbá dúró títí ó fi rọlẹ̀.

"Ìdí mi ti tú kí wọ́n tó pe ìrun Alásàárì, mo lè jáde. Àmọ́ mo rántí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ páìpù yẹn, mo bá jókòó mi síbẹ̀."