Yàrá Tí Kò Ní Ògiri Mọ́

Òórùn ilẹ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, kí n tó rántí ojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ilé wa ní Òkè-Ogbó, lórí ilẹ̀ gbalasa tí ilé bàbá àgbà wà tẹ́lẹ̀, mo gbé ike omi tí a dá ihò sí lára dání láàárọ̀ kùtùkùtù, mo ń wọ́n ọn síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀fọ́. Àbúrò bàbá mi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú mi. Bàbá Skọ́tíláǹdì ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí ibẹ̀ ló ti kàwé tó sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ, kó tó wálé wá máa kọ́ni ní yunifásítì. Láàárín àwọn ọdún 1990 yẹn, àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, yunifásítì wà ní títì. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ àti òun olùkọ́ la jọ di aláìríṣe, kò sì sí àárọ̀ tí òun kì í ti ilé rẹ̀ ní àdúgbò Mayfair, nínú Ifẹ̀ níbẹ̀, yọ sí wa.

Iṣẹ́ tó kọ́ lọ́hùn-ún ni wíwá ilé àwọn ará àtijọ́ nínú ilẹ̀. Ilé olódi kan ló fi ọ̀pọ̀ ìgbà èwe rẹ̀ wá, lórí òkè létí omi, níbi tí òtútù ti ń wọ ènìyàn dé egungun. Ó ní ọ̀tá ló wó ilé náà, àwọn ará àdúgbò wá kó òkúta rẹ̀ lọ kọ́ abà, wọ́n fi ṣe ọgbà ẹran, wọ́n tilẹ̀ fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, títí kò fi ku òkúta kan lórí èkejì. Síbẹ̀ wọ́n rí i. Ó ní ibi tí wọ́n bá ti hú ìpìlẹ̀ ògiri kúrò, erùpẹ̀ mìíràn á ya kún ún, erùpẹ̀ náà kò sì ní bá ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba láéláé. Nínú fọ́tò, ó lè fi ìka tọ́ka ibi tí ààrò àwọn ọlọ́lá tó ni ilé náà wà àti ibi tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́. Èmi a máa gbádùn ìtàn náà gan-an. Ìyá àgbà nìkan ni inú rẹ̀ kì í dùn sí i.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ibi tí Bàbá Skọ́tíláǹdì ti ń wá ilé onílé kiri ni ìròyìn ikú bàbá rẹ̀ ti bá a, kò sì ráyè wálé sin ín. Inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n sin bàbá àgbà sí, bí wọ́n ti máa ń ṣe nílé wa. Wọn kò da sìmẹ́ńtì lé e, wọ́n kàn rẹ́ ilẹ̀ náà padà bó ṣe wà ni. Nígbà tó yá, òjò wó apá kan ilé alámọ̀ náà, ẹbí bá gbé katakata wá, ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ pẹrẹsẹ, koríko sì hù bò ó. Àbúrò bàbá àgbà, tó jẹ́ olórí ẹbí, wá fẹ́ kọ́ ilé ìgbàlódé síbẹ̀. Àwọn bíríkìlà ti kan èèkàn mọ́ ibi tí wọ́n máa gbẹ́ ṣálángá sí. Ìyá àgbà ní kí wọ́n dúró, ó ní wọ́n fẹ́ gbẹ́ ṣálángá lé ọkọ òun lórí. Olórí ẹbí ní rárá, ọ̀hún ni wọ́n sin ẹ̀gbọ́n òun sí, nídìí igi ìbẹ́pẹ. Kò sì dá ẹnì kankan lójú nínú àwọn méjèèjì. Oúnjẹ kò wọlé sí Ìyá àgbà lẹ́nu mọ́. Nígbà tí olórí ẹbí rí i bẹ́ẹ̀, ó yọ̀ǹda ọ̀sẹ̀ kan fún Bàbá Skọ́tíláǹdì kó fi wá ibi tí yàrá náà wà.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá Skọ́tíláǹdì ń fi irin pẹlẹbẹ ha ilẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, àwọn ará àdúgbò sì ń rí ìran wò. Obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì lódìkejì bi í bóyá ilẹ̀ gbígbá ló lọ kọ́ bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. O mọ bí ilẹ̀ Ifẹ̀ ṣe rí, bí ọkọ́ bá ti kàn án, àpáàdì ni wàá bá. A rí àpáàdì, a rí àfọ́kù ìgò àtùpà, a rí ṣíbí kan, ṣùgbọ́n a kò rí ògiri. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ń lọ sópin, kò bá mi ṣàwàdà mọ́. Ó dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ kan, kò gbójú sókè.

"Mo mọ ibi tí àwọn ẹni ẹlẹ́ni ti ń dáná," ó ní, "mi ò mọ ibi tí wọ́n tẹ́ bàbá mi sí."

Mo lọ pọn omi sí i.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni oòrùn yọ lé ilẹ̀ tí mo wọ́n omi sí. Ibi gbogbo ń gbẹ, ó ń funfun, àfi ìlà kan tó pupa, tó ṣì tutù. Amọ̀ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ pò láti fi mọ ògiri kì í tètè gbẹ. Ìlà náà lọ tààrà, ó ṣẹ́rí, ó sì tún ṣẹ́rí. Yàrá ni. Níbì kan, ìlà náà já, ilẹ̀ ibẹ̀ sì le, ó ń dán, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́. Èèkàn ṣálángá wà nínú yàrá náà gbọnrangandan.

Mo sáré lọ mú Ìyá àgbà wá. Mo di apá rẹ̀ mú kí a kàn gba orí ìlà náà kọjá, ó ṣe tán, ilẹ̀ lásán ni. Ó fa apá rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ yí gbogbo ẹ̀gbẹ́ yàrá náà ká, títí ó fi dé ibi tí ìlà ti já. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó tẹ orí ba, bí ẹni tí àtẹ́rígbà lè gbá níwájú orí, ó sì wọlé. Ìgbà tó dúró sínú yàrá yẹn ni ohun gbogbo tó padà sí i lọ́kàn. Ó nawọ́ sí ibi tí fèrèsé wà, ó nawọ́ sí ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà, ó wá fi ọ̀pá kan ilẹ̀ pẹ́lẹ́.

"Ibí ni," ó ní.

Bàbá Skọ́tíláǹdì náà gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ náà, kò dìde. Ìyá àgbà kò pẹ̀tù sí i nínú, òun kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ọmọ rẹ dé o," ó ní. "Ó pẹ́ díẹ̀, àmọ́ ó ti dé."

Nígbà tí olórí ẹbí gbọ́, ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa èèkàn náà tu, ó gbé e lọ sí ìpẹ̀kun ilẹ̀. Ìyá àgbà ti lọ bá ọkọ rẹ̀ báyìí, Bàbá Skọ́tíláǹdì náà kò sí mọ́, àárò wọn sì ń sọ mí ju bí mo ṣe lè wí lọ. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé nítorí àwọn tó ti kú ni wọ́n ṣe ń wá ilé àtijọ́ nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n òkú kò sọnù, ó wà níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Nítorí ọmọ tó pẹ́ kó tó dé ni wọ́n ṣe ń wá a.